Ọ̀gá Tó Ní Kí Wọ́n Yọ Ohùn Ìyàwó Òun Kúrò Nínú Orin

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì jẹun, ẹ wá nǹkan fi sẹ́nu ná, torí ẹ̀rín ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ikùn òfo rín.

Ọkùnrin kan ni wọ́n fi ṣe olórí ilé-iṣẹ́ rédíò. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ kò ju kí ó rí i pé rédíò ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀, kí ó sì dákẹ́ lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ aráyé. Ẹlòmíràn wà, bí o bá ní kí ó bá ọ di àwo mú, á ní òun lo fi jọba lórí ọbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń pe ọkùnrin yìí ní Olùdarí. Ó ní Olùdarí kò wúwo tó, ni wọ́n bá ń pè é ní Olùdarí Àgbà. Ìyẹn náà tún fúyẹ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, sára ife tíì, àti sẹ́yìn àga, pé Ọ̀gá Pátápátá ni òun.

Bí Ọ̀gá Pátápátá bá ń wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ á gbé báàgì tẹ̀ lé e, á sì na agboòrùn sí i lórí, nínú ilé o, lábẹ́ òrùlé. Bí Ọ̀gá bá wúkọ́, Akọ̀wé á ní, “Ohùn rèé!” Bí ó bá sín, á ní, “Ìyẹn náà tún dùn ju ti àná lọ.” Owó tí wọ́n fi sílẹ̀ pé kí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà tuntun fún sítúdíò, Ọ̀gá fi ra àga kan tó ní bọ́tìnnì lábẹ́. Bí àlejò bá jókòó síwájú rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì náà, àga á gbé e sókè wùúù, títí orí rẹ̀ á fi ga ju ti àlejò lọ. Àlejò kan ga gan-an lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi kanlẹ̀ mọ́.

Òfin kan wà ní ilé-iṣẹ́ yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí òun ló mú ọ̀rọ̀ wá. Ọ̀gá ní òrùka ńlá kan lọ́wọ́. Bí ó bá ti pàṣẹ tán, á fi òrùka náà lu tábìlì, kó! á ní, “Mo ti sọ̀rọ̀.” Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí káfíńtà kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, torí atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé bá ìwé òun ṣeré. Kó! Ó ti sọ̀rọ̀. Mọ́tò rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà dé ìdí rẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Ẹsẹ̀ ni Ọ̀gá fi rìn délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Pẹ̀lú gbogbo ọlá yìí, nǹkan kan wà tó ń dun ọkùnrin náà wọra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Láràárọ̀, kí rédíò tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, orin kan ni wọ́n fi ń ṣílé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n:

“Ẹ jí o, ilẹ̀ ti mọ́,
Oòrùn ti ń kanlẹ̀kùn yín,
Ẹ dákun, ẹ ṣí fún un.”

Ìyàwó Ọ̀gá ló kọ orin náà, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, kí Ọ̀gá tó di Ọ̀gá, kódà kí ó tó ní bàtà méjì. Ohùn obìnrin náà mọ́ gaara, bí ó bá dún lórí rédíò, ẹni tó ń bínú á rọra gbàgbé ohun tó ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bí ìbejì rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà ti dàgbà, àìsàn kan mú un lọ́fun. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò padà wá. Ó ń sọ̀rọ̀ o, àmọ́ ó há, ó sì ń gbọ̀n. Orin òwúrọ̀ yẹn nìkan ló kù tó fi ń gbọ́ ohùn tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ló máa ń dúró lẹ́bàá rédíò ní ilé ìdáná, ife tíì lọ́wọ́, kò ní mu ún, kò ní sọ̀rọ̀, títí orin á fi parí.

Nítorí orin yìí, ibi gbogbo tí Ọ̀gá Pátápátá bá dé, orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn kọ́ ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ nìyí:

“Háà! Ọkọ olórin! Ẹ wọlé, ẹ jókòó!”

Ọ̀gá fajú ro. “Ìwọ, ṣé o tiẹ̀ mọ ẹni tí mo jẹ́?”

“Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ fẹ́ obìnrin tó ń jí wa láràárọ̀. Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ ni mo gẹ irun ọkọ wọn lónìí.”

Ẹlòmíràn ì bá dunnú pé wọ́n gẹ irun òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá délé, kò lè jẹun. Ó ní gbogbo ohun tí òun ṣe láyé, ẹ̀yìn ìyàwó ni wọ́n ń gbà rí òun.

Ìgbà tó wá gbọ́ pé Mínísítà ń bọ̀ wá ṣí gbọ̀ngàn tuntun ilé-iṣẹ́ wọn, tó sì tún gbọ́ wíńdíwíńdí pé Mínísítà ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe olórí gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò lórílẹ̀-èdè, ó ní ti òun ni ipò yẹn. Ó pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi,” ló wí, àga ti gbé e sókè, “ẹ̀yin ẹ̀ka tí èmi jẹ́ igi fún, ẹ̀yin ọwọ́ tí èmi jẹ́ orí fún!”

“Orí tó tóbi!” ni Akọ̀wé wí.

Ọ̀gá wò ó. Akọ̀wé tètè tún un ṣe: “Orí tó gbọ́n!”

“Mo bi yín, bí ilé bá fẹ́ jí, ohùn ta ló yẹ kó jí i? Ṣé kì í ṣe ti baálé ni?”

“Ti baálé ni!”

“Rédíò yìí, ta ni baálé rẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni!”

“Ó tán. Láti ọjọ́ tí Mínísítà bá wá, èmi ni n ó máa kọ orin òwúrọ̀. Ẹ yọ ohùn tó wà níbẹ̀ kúrò. Ẹ fi ìlù sílẹ̀, ẹ fi gìtá sílẹ̀, ẹ fi fèrè sílẹ̀, ẹ wá gbé ohùn tèmi lé e.”

Obìnrin kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ sítúdíò, ó lẹ́nu bí abẹ, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti í jẹun. Ó gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì.

“Ọ̀gá, ohùn ìyàwó yín mà ni.”

“Ohun tó bá jẹ́ ti ìyàwó mi, tèmi ni.”

“Tó bá jẹ́ tiyín náà ni, kí la wá fẹ́ yọ?”

Ẹ̀rín gba ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ọ̀gá fi ojú wá ẹni tó rín in, kò rí i. Ìyá Ẹ̀rọ wá ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, wọ́n fi ìlù sí ọwọ́ òsì, wọ́n fi fèrè sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n wá fi ohùn obìnrin náà sí àárín, tó fi jẹ́ pé bó ṣe ń dún nínú sípíkà ọ̀tún náà ló ń dún nínú ti òsì. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ àwọn, àtijọ́ ni, tó jẹ́ pé ohun tó bá dúró láàárín ló máa ń gbé mì.

“Àmọ́ Ọ̀gá, kò ní mọ́ tán o. Gìtá olóhùn ńlá náà wà láàárín, á bá a lọ. Ohùn tó sì kọlu ògiri lọ́jọ́ yẹn, tó fọ́n sí ẹ̀gbẹ́, á ṣẹ́ kù díẹ̀. Ká ní wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun yẹn fún wa ni…” Ó wo àga Ọ̀gá láti òkè dé ilẹ̀. “Ó dáa náà. Ohùn tiyín ńkọ́? Ibo ni kí n gbé e sí? Ẹ jẹ́ kí n gbé e sí ọ̀tún díẹ̀.”

Ọ̀gá fò sókè, àga náà mì.

“Ọ̀tún? Èmi? Ṣé amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo jẹ́ ni? Àárín! Àárín gbùngbùn! Ẹni ńlá kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!”

Kó! “Mo ti sọ̀rọ̀.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ aṣọ ńlá wá sí sítúdíò, bí ẹni pé maikirofóònù lójú. Ó mu omi gbígbóná, ó mu oyin, ó ní kí wọ́n pa fáànù. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jọ bẹ̀rẹ̀. Orin ti dé ibi tí oòrùn ti ń kanlẹ̀kùn, Ọ̀gá ṣì ń jí.

“Ọ̀gá, orin ti kọjá lọ,” ni Ìyá Ẹ̀rọ wí.

“Kí ló ń sáré lọ ṣe? Ẹ sọ fún un kó dúró dè mí.”

Akọ̀wé ń sunkún níbi tó dúró sí. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n lè bí irú ohùn báyìí fún ọmọ aráyé. Ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá rò ó dáadáa, òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n parí, Ọ̀gá ní, “Ti àtijọ́ yẹn, ẹ pa á rẹ́.”

Ìyá Ẹ̀rọ dìde. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Òun nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.”

Ọ̀gá gbé ọwọ́ òrùka sókè, kò tíì lù ú. N ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó rántí ìyàwó rẹ̀ níbi tó máa ń dúró sí ní ilé ìdáná, pẹ̀lú ife tíì tí kò mu. Bóyá ì bá ti ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé rọra tẹ̀ bá etí rẹ̀, ó ní, “Ọba kì í pé méjì láàfin, Kábíyèsí.” Ẹnikẹ́ni ò pè é ní Kábíyèsí rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Kó! “Mo ti sọ̀rọ̀.”

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́, ó sì fi ẹ̀rín ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, rédíò kàn bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ni. Ìyàwó Ọ̀gá gbọn rédíò náà. Ó fa irin rẹ̀ sókè, ó gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé.

“Bàbá Ìbejì, orin ò dún lónìí.”

“Wọ́n ń tún un ṣe ni,” ni Ọ̀gá dáhùn, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ tó ti wọ̀ sẹ́sẹ̀.

“Ṣé wọ́n á dá a padà?”

“Á dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwọ ṣáà máa wò ó.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá sáré jáde, kò mu tíì.

Ó ku díẹ̀ kí Mínísítà dé ni Ọ̀gá gbọ́ orin tuntun náà. Ó di ojú, ó ń mi orí. Ó wá la ojú lójijì.

“Ta ló ń kọrin lẹ́yìn mi?”

Wọ́n tún un gbọ́. Òótọ́ ni. Lábẹ́ ohùn Ọ̀gá, lọ́nà jíjìn, ohùn obìnrin kan wà tó tínrín, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti yàrá kejì.

“Ìyàwó yín ni,” ni Ìyá Ẹ̀rọ wí. “Mo sọ fún yín pé kò ní tán.”

“Ẹ tún un yọ! Ẹ gbé gbogbo orin náà gba inú ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i!”

“Gbogbo ẹ̀? Pẹ̀lú ohùn tiyín nínú ẹ̀? Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀rọ yìí ò mọ èèyàn. Ààyè ló mọ̀. Ẹni tó bá ti dúró sí…”

Kó! “Mo ti sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ni yóò ṣe é, torí ìwọ, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ kí Mínísítà tó gbọ́ ọ. Etí ẹni ńlá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ìyá Ẹ̀rọ náà mọ̀. Ó la ẹnu, ó wo òrùka, ó pa ẹnu dé. Òfin ni òfin. Ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá ibi tí òun á ti rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn tuntun kún fọ́fọ́. Mínísítà jókòó níwájú, ìyàwó Ọ̀gá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ tí inú rẹ̀ bá dùn, torí ọkọ rẹ̀ ti ní yóò gbọ́ orin rẹ̀ lọ́nà tuntun. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí ó tó kọrin. Ó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ó sọ ti bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti bàbá bàbá rẹ̀ ni Mínísítà wo aago.

“Láìfa ọ̀rọ̀ gùn!” ni Ọ̀gá wí, ó ti fà á gùn. “Ẹ ó gbọ́ ohùn tí yóò máa jí orílẹ̀-èdè yìí!”

Wọ́n ti bá a sọ ọ́ pé bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, maikirofóònù tó wà níwájú rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni yóò dún, òun á kàn máa la ẹnu tẹ̀ lé e, kí ohùn má baà já lójú Mínísítà. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Akọ̀wé tẹ ẹ̀rọ.

Ìlù dún ní òsì. Fèrè dáhùn ní ọ̀tún. Ọ̀gá la ẹnu gbàgà.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún un là, ó fẹ̀ ẹ́ sí i. Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà ti ṣe ohun tí wọ́n bí i láti ṣe: ó wo àárín gbùngbùn, ó rí ẹni ńlá tó dúró síbẹ̀, ó gbé e mì káló. Bí ìlù ti ń lọ, tí ẹnu Ọ̀gá ń ṣí tó ń pa dé, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohùn obìnrin kan ni, tínńtín, lọ́nà jíjìn.

“Ẹ jí o, ilẹ̀ ti mọ́…”

Ẹnu Ọ̀gá ló dà bí ẹni pé ó ti ń jáde.

Ìyáàfin kan níwájú kígbe, “Yéè! Kí ló gbé mì?” Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rò pé bí òun bá tún la ẹnu sí i, ohùn á dé. Ó là á débi tí Mínísítà fi rí eyín tí dókítà fi irin dí. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà fúnra wọn, bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré, gbogbo ilé wá gbà á. Gbogbo èèyàn ló ń kọrin àfi Ọ̀gá nìkan, bẹ́ẹ̀ òun lẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù.

Ó fi òrùka lu tábìlì tó wà níwájú rẹ̀. Kó! Kó! Ó sọ̀rọ̀, maikirofóònù ò ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Wọ́n rò pé ìlù ló ń bá orin lù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ọ̀fun rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ohùn tínńtín yẹn títí ó fi parí.

Nílé, kò pariwo. Ó bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀, ó dúró.

“Bàbá Ìbejì, níbo lẹ gbé ohùn mi sí?”

Ọ̀gá Pátápátá, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán láìmu omi, fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. Ó wo ilẹ̀. “Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Obìnrin náà jókòó. Ó sunkún, ẹkún rẹ̀ náà ò sì dún, torí ọ̀fun yẹn ò gbé ẹkún mọ́. Ìyẹn ló dun ọkùnrin náà dé egungun. Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín ní gbọ̀ngàn, kò tó ìdá kan nínú rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, ó sì mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Obìnrin náà kó lọ sí yàrá àwọn ìbejì. Láti ọjọ́ náà, “ẹ káàárọ̀” àti “oúnjẹ ti délẹ̀” nìkan ló kù láàárín wọn.

Ní ti Mínísítà, kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́. Wọn ò lé Ọ̀gá lọ o, ìjọba láàánú. Wọ́n kàn gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá tuntun dé, obìnrin kan tó dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ní kí káfíńtà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ta àga, ó ra kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn, ó ní, “Ẹ̀yin gan-an ni ìdákẹ́ jẹ́jẹ́ yẹ!” Obìnrin náà bi í bóyá òjò ń rọ̀ ni.

Ìgbà tí ìlú ò yéé béèrè orin wọn, ọ̀gá tuntun kéde lórí rédíò: ẹnikẹ́ni tó bá ti fi kásẹ́ẹ̀tì gba orin òwúrọ̀ sílẹ̀ nílé rí, kó jọ̀wọ́ gbé e wá. Wọ́n wá gbé tábìlì kékeré kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń tò kí Ọ̀gá Pátápátá, wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ jókòó sí i pé kó máa gbà á lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kó sì máa gbọ́ ọ.

Èèyàn ya wá. Ọ̀gá àtijọ́ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, ó ń gbọ́. Nínú ọ̀kan, àkùkọ ń kọ lórí ohùn ìyàwó rẹ̀. Nínú òmíràn, ọmọ ń ké, ìyá kan ń bú ẹnì kan pé ó ti jẹ ṣúgà tán. Nínú òmíràn, téèpù ti gbó, ohùn náà ń rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn ni obìnrin yẹn ti ń kọrin. Ọkùnrin yìí ti bá a gbé láti ìgbà èwe, kò jókòó gbọ́ orin náà tán rí, torí àárọ̀ ni àkókò tí ó máa ń múra láti lọ di ẹni ńlá. Ó wá gbọ́ ọ níbẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ariwo ilé onílé. Ìgbà mìíràn, Ìyá Ẹ̀rọ á gba ibẹ̀ kọjá, á bá a tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò rí i, á gé búrẹ́dì fún un.

Kò sí èyí tó ṣeé lò nínú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan gbé kásẹ́ẹ̀tì kan lé tábìlì. Ọ̀gá gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ ni.

“Mo rí i nísàlẹ̀ àpótí,” ló wí pẹ̀lú ohùn tó há. “Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni mo gbà á sílẹ̀ lórí rédíò. N ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń dún.”

Ìyá Ẹ̀rọ fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ohùn náà jáde, ó mọ́ kedere, kò sí àkùkọ, kò sí ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn, láti ilé ìwẹ̀, ọkùnrin kan ń bá a kọ ọ́. Ó ń bu omi sára, ó ń kọrin, kò bá orin lọ rárá, orin ti dé ibi oòrùn, òun ṣì ń jí. Bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ẹni tó ń kọrin náà, kò sì ronú kan ara rẹ̀ rárá.

Ọ̀gá mọ ohùn ara rẹ̀. Kò lè gbójú sókè.

“Èyí ló mọ́ jù,” ni Ìyá Ẹ̀rọ wí. “Kọ̀ǹpútà tuntun yìí mọ ohùn kan yàtọ̀ sí èkejì. Mo lè yọ ọkùnrin yẹn kúrò, á ku ìyàwó nìkan. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní mo pa ohùn òun rẹ́ láìbéèrè.”

Ọkùnrin náà wúkọ́ díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. “Ṣé… ṣé kò ṣeé fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀? Lábẹ́lẹ̀, báyìí?”

Àwọn obìnrin méjèèjì wò ó.

“Mo kàn béèrè ni,” ló wí. Ó gba nǹkan tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀rọ. “Ẹ fi ibi tí n ó tẹ̀ hàn mí.” Ìyá Ẹ̀rọ fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin ilé ìwẹ̀ náà parẹ́, ohùn obìnrin yẹn nìkan ló kù, òun àti orin rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà rí i kẹ́yìn.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ẹ máa fi jí ìlú.”

Ó wá yọ kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò nínú ẹ̀rọ, èyí tí ẹnikẹ́ni ò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, ó fi aṣọ pélébé kan wé e, ó tì í sínú báàgì rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?” ni ọkọ rẹ̀ bi í.

“Tèmi nìyẹn,” ló dáhùn. “Ẹ dìde, Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”